Ọjọ́ Tí Òfin Borí Ẹgbẹ́: Ìtàn Sáà Kẹta ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, 2006

 

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí dùn létí, ó sì wúlò púpọ̀ nínú agbo ilé. Ṣùgbọ́n kí ni ká ti ṣe é nígbà tí ọmọ ẹni bá ń fẹ́ ohun tí òfin kò fún un? Ìbéèrè yìí ni ó mú mi ronú padà sí ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 2006, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá da àbádòfin kan nù, èyí tí ìbá fún ààrẹ àti àwọn gómìnà láǹfààní láti lo sáà kẹta lórí àléfà. Ààrẹ ìgbà náà, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta. PDP, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gbé e wọlé, ni ó sì ní ọmọ ilé tó pọ̀ jù lọ. Síbẹ̀, àbádòfin náà kò kọjá.

OHUN TÍ ÌWÉ ÒFIN SỌ

Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Abala 135 sọ pé ọdún mẹ́rin ni sáà ààrẹ. Abala 137 sọ pé ẹni tí a bá ti dìbò yàn sípò náà lẹ́ẹ̀mejì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti du ipò náà mọ́. Abala 182 sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nípa gómìnà. Wọ́n búra fún Ọbásanjọ́ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1999, wọ́n sì tún un yàn ní 2003. Nítorí náà, ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2007 ni àkókò rẹ̀ yóò pé.

Òfin kò sọ pé a kò gbọdọ̀ tún òfin ṣe. Abala 9 fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àgádágodo mẹ́ta ni ó wà lára ilẹ̀kùn náà. Èkíní ni ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, èyí tí í ṣe 73 nínú 109. Èkejì ni ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, èyí tí í ṣe 240 nínú 360. Ẹ̀kẹta ni ìfọwọ́sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36. Ẹni tí ó bá wo ètò yìí yóò rí i pé àwọn tí ó ṣe é kò fẹ́ kí ẹkùn kan ṣoṣo jí òfin gbé lóru mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Nínú ìbò ọdún 2003, PDP gba ìjókòó 76 nínú 109 ní ilé àgbà, ANPP gba 27, AD sì gba 6. 76 ju 73 lọ. Bí gbogbo àwọn tí wọ́n wọlé lábẹ́ àsíá PDP bá tẹ̀ lé ohùn kan, ilé àgbà ìbá fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé alátakò kan ṣoṣo bá wọn dá sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn alátakò kò lè dá a dúró láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ààrẹ fúnra wọn kọ̀. Ẹni tí ó darí ìjókòó náà pàápàá, Ken Nnamani láti Ìpínlẹ̀ Enugu, ẹni tí ó di olórí ilé náà ní 2005, ọmọ PDP ni.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE DÉLÉ AṢÒFIN

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orílẹ̀-èdè yìí ń rí olórí tí àkókò rẹ̀ fẹ́ gùn ju bí a ti dá a lọ. Ní 1974, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé ọdún 1976 tí òun ti dá fún ìpadàbọ̀ ìjọba alágbádá kò ṣeé ṣe mọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1993, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tí ó ti sún ọjọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, fagi lé ìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀. Ní 1998, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó fa Ọ̀gágun Sani Abacha kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdíje kan ṣoṣo, kí ikú tó dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Àwọn Hausa ní ọ̀rọ̀ kan fún irú èyí: tazarce. Ọ̀rọ̀ náà tún gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ní 2006. Àwa Yorùbá kàn ń pè é ní sáà kẹta.

Ohun tí ó jẹ́ kí ti 2006 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé Ọbásanjọ́ kan náà ni ológun àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nílẹ̀ wa, nígbà tí ó fà á lé Alhaji Shehu Shagari lọ́wọ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1979. Iyì ńlá ni ìyẹn fún un káàkiri ayé. Ó yẹ kí n sọ ọ́ pẹ̀lú pé léraléra ni Ọbásanjọ́ ti sọ pé òun kò bèèrè sáà kẹta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tí wọ́n wà nínú ilé nígbà náà, Nnamani pẹ̀lú, ti sọ òdìkejì rẹ̀ ní gbangba. Èmi kò fẹ́ jókòó ṣe adájọ́ láàárín wọn níhìn-ín. Ohun tí a gbé kalẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin, àti ohun tí wọ́n fi ṣe, ni mo fẹ́ kí a wò.

Lẹ́yìn àpérò lórí àtúntò òṣèlú tí wọ́n ṣe ní 2005 lábẹ́ ìdarí Adájọ́ Niki Tobi, ọ̀rọ̀ àtúnṣe òfin bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ilé aṣòfin méjèèjì, èyí tí Ibrahim Mantu, igbákejì olórí ilé àgbà, ṣe alága fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú ní ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àbádòfin tí ó jáde níbẹ̀ ní àbá àtúnṣe tí ó ju 100 lọ. Sáà kẹta wà láàárín wọn bí ẹni tí ó fara pamọ́ sáàárín èrò ọjà. Àwọn àbá tí kò ní ìjà nínú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ apá kan nínú ẹrù náà gbọ́dọ̀ gbé e pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń FA AṢÒFIN LÁṢỌ

Ẹ fojú inú wo aṣòfin kan ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹgbẹ́ ń fa aṣọ rẹ̀ lápá ọ̀tún: ẹgbẹ́ ni ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ ni yóò sì tún fún un tàbí kí ó fi dù ú ní 2007. Gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń fà á lápá òsì, nítorí àwọn gómìnà náà yóò jèrè bí òfin bá yí padà. Ọ̀rọ̀ owó tún ń jà ràn-ìn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbangba nígbà náà pé wọ́n ń fi owó ńlá lọ àwọn aṣòfin, àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn náà kàn sì ń sẹ́. Bí aṣòfin náà bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, òwe ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ń dún sí i létí: ṣé ìwọ ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ bàbá rẹ?

Ìgbàgbọ́ ọkàn aṣòfin náà tún wà níbẹ̀, èyí ni ó sì nira jù lọ láti gbé tì sápá kan. Ẹni tí ó bá gbà pé Ọbásanjọ́ ń ṣe dáadáa ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní 2005, Nàìjíríà bá ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tí wọ́n ń pè ní Paris Club ṣe àdéhùn, wọ́n sì gé nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là kúrò nínú gbèsè tó tó bílíọ̀nù 30. Oṣù Kẹrin, 2006, ni a san èyí tí ó kù lára rẹ̀ tán. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọjọ́ ìdìbò pé. Fóònù alágbèéká tí ó dé ní 2001 ti dé ọwọ́ àwọn ìyálọ́jà. Ènìyàn lè fi gbogbo ọkàn sọ pé kí ọkùnrin yìí máa bá iṣẹ́ lọ, kò sì ní jẹ́ òpùrọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé, “Ṣé Ọbásanjọ́ ṣe dáadáa?” ni ìbéèrè tí ó wà níwájú ilé. Ìbéèrè náà ni pé, “Ṣé ó tọ́ kí a sún ààlà fún ẹni tí ó bá ààlà náà nílẹ̀ nígbà tí ó ń búra?” Ẹni tí ó fẹ́ràn ààrẹ lè dáhùn ìbéèrè kìíní pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì dáhùn èkejì pé rárá. Bákan náà, ẹni tí ó kórìíra ààrẹ, tí ó sì tako àbádòfin nítorí ìkórìíra, kò tíì dìbò fún òfin. Òṣùwọ̀n kan wà tí mo fi ń wọn irú ìdìbò bẹ́ẹ̀: bí a bá yọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kúrò, tí a fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, ṣé ohun kan náà ni aṣòfin yìí yóò sọ?

Ẹ jẹ́ ká rántí ìbúra tí aṣòfin ń ṣe kí ó tó jókòó. Ó ń búra láti dáàbò bo ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò sí nínú ìbúra náà. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ ìbúra kì í dá rìn. Ó bá ìmùlẹ̀ tan, nítorí ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kò lè kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ.

ỌJỌ́ 16, OṢÙ KARÙN-ÚN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni àríyànjiyàn gbígbóná bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àgbà. Nnamani jẹ́ kí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wọlé, ilé iṣẹ́ AIT sì ń gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bí ó ti ń lọ. Lójú tèmi, ohun kékeré yìí ni ó yí gbogbo nǹkan padà. Àwọn ènìyàn péjọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Aṣòfin tí ó bá dìde sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ìyá òun, àwọn olùdìbò òun àti àwọn ọmọ òun ń gbọ́. Ohun tí ènìyàn lè sọ wẹ́rẹ́ nínú yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ a máa ṣòro láti sọ lójú gbogbo ayé. Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni wọ́n ń kéde ibi tí wọ́n dúró sí, àwọn ọmọ PDP sì wà láàárín àwọn tí wọ́n sọ pé àwọn kò fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 16, Nnamani bi ilé léèrè bóyá kí àbádòfin náà gba kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì kọjá. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi dáhùn, ohùn “rárá” ni ó sì bo ilé mọ́lẹ̀. Bí gbogbo ẹrù náà ṣe ṣubú nìyẹn, pẹ̀lú àbá tí ó ju 100 lọ tí ó wà nínú rẹ̀, àti rere àti búburú. Kò dé ibi tí wọn ó ti ka 73 rárá. Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí Aminu Bello Masari láti Ìpínlẹ̀ Katsina jẹ́ olórí rẹ̀, kò gbé e lọ síwájú mọ́. Ọbásanjọ́ gba ìpinnu náà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ tó kù, nítorí ìtàn kì í ṣe oríkì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kígbe “rárá” ni ó kígbe nítorí òfin. Àwọn ará Òkè Ọya kan ń retí pé kí ipò ààrẹ padà sọ́dọ̀ wọn ní 2007. Igbákejì ààrẹ, Atiku Abubakar, tí òun náà ń fẹ́ ipò náà, ti bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ó sì ní àwọn ènìyàn tirẹ̀ nínú ilé. Ohùn ẹnu tí wọ́n fi dìbò tún ní àléébù tirẹ̀: kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tí ó ti gbà láti ṣe àtìlẹ́yìn ní alẹ́ àná lè kígbe “rárá” pẹ̀lú èrò, kí ó sì lọ sílé bí akọni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn kan sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ibi tí òṣùwọ̀n yóò tẹ̀ sí, ni mo kà sí ìdìbò gidi. Igbà tí ewu wà níbẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀YỌ́ TI RÍ IRÚ RẸ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé òfin àti ìdíwọ́ agbára jẹ́ nǹkan tí òyìnbó gbé wá. Ìtàn Ọ̀yọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Aláàfin ni ikú bàbá yèyé, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run ṣe olórí wọn, ní agbára láti kọ ọba tí ó bá tẹ ìlú mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọba náà ní láti ṣí igbá, kí ó sùn. Àṣẹ ńlá ni, fún ààbò ìlú sì ni a ṣe fi lé wọn lọ́wọ́.

Kí ni Baṣọ̀run Gáà wá fi ṣe? Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, Gáà sọ agbára ìgbìmọ̀ di ti ara rẹ̀, ó sì ń ran ọba lẹ́yìn ọba sọ́run nítorí ìfẹ́ inú tirẹ̀. Àṣẹ tí ó lò, àṣẹ tí òfin Ọ̀yọ́ mọ̀ ni. Ohun tí ó nù níbẹ̀ ni ìdí tí a fi dá àṣẹ náà sílẹ̀. Aláàfin Abíọ́dún ni ó fòpin sí i ní 1774. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi Gáà wé ilé aṣòfin, nítorí ó kọ́ wa pé títako ọba nìkan kò sọ ènìyàn di olùgbèjà òfin. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí mo sọ lókè wọn Gáà, kò ní kún un.

ÀWỌN ARÁ ILÉ KEJÌ

Àwọn ìbátan wa ní Bénin àti Tógò náà ní ìtàn tiwọn. Ní Tógò, ilé aṣòfin yọ ààlà sáà kúrò nínú òfin ní oṣù Kejìlá, 2002, kí Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma lè tún díje. Ní Bénin, Ààrẹ Mathieu Kérékou tẹ̀ lé òfin, ó sì fi ipò sílẹ̀ fún Yayi Boni ní oṣù Kẹrin, 2006. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún náà, oṣù kan péré lẹ́yìn ìdìbò ti Àbújá, àwọn aṣòfin Bénin fúnra wọn dìbò láti sọ sáà tiwọn di ọdún márùn-ún dípò mẹ́rin. Ní oṣù Keje, ilé ẹjọ́ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé òfin fagi lé e. Ẹ ò rí i pé ó rọrùn fún aṣòfin láti rí àṣejù ọba ju kí ó rí tirẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó TẸ̀ LÉ E

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2007, alágbádá kan gbé ìjọba fún alágbádá mìíràn fún ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, nígbà tí Ọbásanjọ́ fà á lé Umaru Musa Yar’Adua lọ́wọ́. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dára. Ìbò 2007 kún fún màgòmágó tó bẹ́ẹ̀ tí Yar’Adua fúnra rẹ̀ gbà lọ́jọ́ ìbúra pé ó ní àbùkù. Ààlà sáà nìkan kò lè sọ ìbò di mímọ́.

Ṣùgbọ́n ààlà náà dúró. Nígbà tí Muhammadu Buhari parí sáà méjì rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, ó lọ sílé, àbádòfin sáà kẹta kankan kò dé iwájú ilé. Ní 2018, wọ́n tilẹ̀ fi kún abala 137 pé ẹni tí ó bá bá ẹlòmíràn parí sáà rẹ̀ kò lè díje wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn aṣòfin tún kọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹrù: nínú àtúnṣe ọdún 2018 yẹn, wọn kò di àbá pọ̀ mọ́. Wọ́n pín in sí àbádòfin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí olúkúlùkù lè dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Mo padà sí òwe ìlẹ̀kẹ̀. Òwe náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdí ọmọ ni a ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí, a kì í já a kúrò lọ́rùn ìlú láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá sún ààlà fún ọmọ rẹ̀ lónìí, kí ó rántí pé ọmọ ẹlòmíràn ni yóò bá ààlà náà níbi tí ó sún un sí lọ́la.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kékeré kan rè é fún yín. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa oṣù Karùn-ún, ọdún 2006, àti apá ibi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọn kò fẹ́ràn ni ó wà lórí àléfà nígbà náà, ṣé ibẹ̀ náà ni wọn ì bá dúró sí? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn.